Ibùdó Karùn-ún

Ilé kan wà ní Èrìjìyàn tí a kì í ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ìbáà ṣe ìjì ni ó ń jà, ìbáà ṣe yìnyín ni ó ń bọ́ lu páànù, bí òjò bá ti ṣú, ọmọ ilé tí ó bá sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù lọ yóò dìde, yóò sì ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Àwọn ará àdúgbò a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé omi ni wọ́n ń tọrọ sí iyàrá. Àwọn ará ilé kàn ń ṣí ìlẹ̀kùn wọn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n mọ̀.

Inú ilé náà ni a bí Fọlákẹ́ sí, ọmọ Ilésanmí, àgbẹ̀ kòkó tí í tún ṣe alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Àṣà ìlẹ̀kùn tí a kì í tì yìí ni ó fi pàdé ẹni tí ọkàn rẹ̀ yàn.

Ọdún 1981 ni, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Rédíò bàbá rẹ̀ yadi, Fọlákẹ́ sì gbé e lọ sí Àrámọ̀kọ, sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Gbádébọ̀. Ará Ìkirun ni àwọn òbí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ọkọ̀ ni bàbá rẹ̀ wà gba ọ̀nà Àrámọ̀kọ kí ó tó tẹ̀dó síbẹ̀. Gbádébọ̀ ti tú rédíò náà palẹ̀ tán nígbà tí òjò dé. Ó fò dìde, ó ti ìlẹ̀kùn. Fọlákẹ́ dìde, ó ṣí i. Gbádébọ̀ tún tì í. Fọlákẹ́ tún ṣí i.

"Arábìnrin, ìfun rédíò bàbá yín ni mo tú síta yìí o. Bí omi bá kàn án, ẹ ránṣẹ́ pe pósí."

"Ẹ gbé e sẹ́yìn díẹ̀."

"Ìlẹ̀kùn ni ó yẹ ní títì, kì í ṣe rédíò ni ó yẹ ní gbígbé."

"Ní ilé wa, a kì í ti ìlẹ̀kùn mọ́ òjò. Bí ẹ bá fẹ́ tì í dandan, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bọ́ síta."

Gbádébọ̀ wò ó lójú, ó sì rí i pé kò ṣe àwàdà rárá. Ó bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, ó fi bo rédíò, ó sì jókòó tòun ti àyà lásán, òjò ń fọ́n sí i lẹ́yìn. "Ẹ̀wù mi kan ṣoṣo tí ó mọ́ ni mo fi ṣe aṣọ ìbora fún rédíò yìí. Ó kéré tán, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún mi."

Fọlákẹ́ sọ ọ́. Ó ní nígbà tí àwọn baba ńlá òun ń rìn bọ̀ láti Ifẹ̀, ibùdó méje ni wọ́n dó sí kí wọ́n tó dé Èrìjìyàn. Ní ibùdó kẹta, òjò ká wọn mọ́ iwájú ilé onílé. Onílé wò wọ́n, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Kí òjò náà tó dá, ọmọ ọwọ́ kan ti kú sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìyá náà gbé òkú ọmọ lọ́wọ́, ó sì búra pé ẹni tí ó bá ti inú òun jáde kò ní ti ìlẹ̀kùn mọ́ òjò láéláé. "Ẹnì kan lè máa bọ̀," ni Fọlákẹ́ fi parí rẹ̀.

Gbádébọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn nu omi òjò kúrò lójú, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, Àǹtí Martha, olùkọ́ kan ní Àrámọ̀kọ, tí ìyá Fọlákẹ́ tí ó ti kú jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wá kí wọn ní Èrìjìyàn. Ó ń fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀. "Ọmọ Ìkirun tí ń tún rédíò ṣe yẹn ti yí lórí o! Òjò ń rọ̀ lánàá, ó ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ó ń fi ike gbọ́n omi jáde. Mo ní kí ló dé, ó ní ẹnì kan lè máa bọ̀."

Fọlákẹ́ dojú bolẹ̀, ó ń ṣa èèpẹ̀ kúrò lára ẹ̀wà tí kò ní èèpẹ̀ kankan. Martha wò ó títí, ó sì dákẹ́ ẹ̀rín. "Háà," ni ó wí. "Ìwọ ni."

Bí ìfẹ́ àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí Martha sì di alárinà wọn.

Ṣùgbọ́n Fọlákẹ́ kì í ṣe ọmọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Òun ni adáhùn ilé wọn. Ìtàn ibùdó méje náà, ẹnì kan kì í dá a sọ. Ìyá bàbá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Yèyé, ni ó ń sọ ọ́. Bí Yèyé bá ti sọ ibùdó kan tán, yóò dákẹ́ bí ẹni tí ó sọ ẹrù kalẹ̀. Nígbà náà ni adáhùn yóò bèèrè ilé ní ohùn Èrìjìyàn pé, "Ulé dà?" Yèyé yóò wá dáhùn pé, "Ulé wà níwájú. Ẹ gbé ẹrù." Ìgbà yẹn ni ìtàn tó lè ṣí lọ sí ibùdó tí ó kàn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá bèèrè, àwọn arìnrìn-àjò kò gbọdọ̀ gbéra. A ó fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n dó sí. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Fọlákẹ́ ti ń bèèrè. Ẹni tí ó bá sì ń bèèrè ni yóò jogún sísọ.

Ibùdó márùn-ún ni Yèyé ti kọ́ ọ. Ìkẹfà àti ìkeje, ìgbà méjì péré ni a ń sọ wọ́n: ọjọ́ ìsìnkú ẹni tí ń sọ ìtàn, àti ọ̀sẹ̀ tí adáhùn bá ń lọ sílé ọkọ ní Èrìjìyàn, ìlú wọn. Ní ìlú, ni àṣà wí, nítorí ẹni tí yóò jókòó ti ilé ni a ń fi òpin ìrìn lé lọ́wọ́.

Lásìkò yìí gan-an ni apá kan rọ lára bàbá Gbádébọ̀, tí wọ́n gbé e padà sí Ìkirun. Gbádébọ̀ sì ni àkọ́bí. Kò sí bí kò ṣe ní tẹ̀ lé e.

Nígbà tí Martha gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Ilésanmí, ó ń pọ́n àdá lára òkúta, kò sì dáwọ́ dúró.

"Martha, ṣé ọmọkùnrin ti tán ní Èrìjìyàn ni? Ṣé wọ́n ti tán ní Ìkògòsì, ní Ìlọ́rọ̀?"

"Wọ́n kù, ẹ̀gbọ́n. Èyí tí ó wá tọrọ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá ṣì kù. Eyín rẹ̀ mẹ́ta náà sì kù pẹ̀lú."

Ilésanmí rẹ́rìn-ín láìfẹ́, ó sì gbé àdá sílẹ̀. "Èmi kò kórìíra ọmọ náà. Àtìgbà tí ó ti tún rédíò mi ṣe ni kò ti yadi mọ́. Ṣùgbọ́n bí Fọlákẹ́ bá pẹ́ ní Ìkirun, ahọ́n rẹ̀ á yí. Kò burú, Yorùbá kan náà ni gbogbo wa. Ṣùgbọ́n mo ti gbìyànjú rí láti sọ ìtàn wa fún àlejò bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ńṣe ni ó dàbí ẹni pé ìrìn-àjò ẹlòmíràn ni mo ń ròyìn. Èmi fúnra mi kò mọ ìparí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí wọ́n sọ ọ́ gbẹ̀yìn, níbi ìsìnkú ìyá àgbà tí ó ń sọ ọ́ ṣáájú Yèyé. Mo gbọ́ ibùdó márùn-ún. Oorun gbé mi lọ ní ìkẹfà. Ẹkún ni mo gbọ́ nígbà tí mo jí." Ó tún mú àdá rẹ̀. "Yèyé ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Adáhùn mìíràn dà?"

Fọlákẹ́ wà lẹ́yìn ògiri, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, nítorí òtítọ́ ni. Ó rò ó pé: bí mo bá dúró, n ó ní ìtàn, n kò ní ní ẹni tí ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ nítorí ìtàn náà. Bí mo bá lọ, n ó ní í. Ta ni yóò wá bèèrè ilé?

Gbádébọ̀ ni ó wá wá ojútùú, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó wá pẹ̀lú Martha lọ́jọ́ Sátidé kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, bí ohùn Yèyé bá lè wà nínú ilé yìí títí ayé, ṣé ẹ ó yọ̀ǹda Fọlákẹ́ fún mi?" Ó ní òun yóò gbé ẹ̀rọ wá, òun yóò gba ìtàn náà sínú kásẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹni tí ó bá sì ṣe tán ní ilé náà yóò kọ́ ọ níbẹ̀.

Ilésanmí ronú títí adìyẹ fi jẹ àgbàdo tí wọ́n sá sílẹ̀ yó. Ó ní bí Yèyé bá gbà, òun gbà.

Yèyé ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá kí òun fọwọ́ kàn án. "Ṣé ó létí?"

"Ó létí, Yèyé." Gbádébọ̀ fi ojú ibi tí ń gba ohùn hàn án.

"Ṣé ó lẹ́nu?"

"Ó lẹ́nu. Ibi tí ohùn ń gbà jáde rè é."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó létí, tí ó lẹ́nu, ó tó bá jókòó." Ṣùgbọ́n ó ní a kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ sétí ẹnikẹ́ni títí òun yóò fi lọ. Òun kò fẹ́ máa gbọ́ ohùn ara òun láti inú iyàrá kejì bí òkú.

Ọjọ́ tí wọ́n dá fún gbígba ìtàn náà bọ́ sí ọjọ́ tí Fọlákẹ́ ní láti lọ kí ìyá Gbádébọ̀ ní Ìkirun. Ó ní kí wọ́n sún ọ̀kan síwájú. Martha kọ̀. "Ìyá ọkọ ti se ọbẹ̀ dè ọ́, o ní kí ó gbé e padà sínú omi? Ẹ̀rọ ni yóò gbọ́, kì í ṣe ìwọ." Fọlákẹ́ wọ ọkọ̀. Títí ó fi dé Ìkirun ni ó ń wẹ̀yìn, bí ẹni tí ó gbàgbé ohun kan sílé tí kò sì mọ ohun tí í ṣe.

Ìyá Gbádébọ̀ tẹ́wọ́ gbà á dáadáa. Ẹ̀rù kàn bà á nígbà tí ó gbọ́ bí Fọlákẹ́ ti máa ń bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, 'o' ni o ń pe ìyá bàbá rẹ? O kì í pè é ní 'ẹ'?"

"Mà, ẹyọ kan ṣoṣo ni Yèyé mi. Bí mo bá sọ ọ́ di púpọ̀, yóò bi mí pé àwọn ta ni mo ń bá wí."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àwọn ará Èkìtì kò ní pa òun.

Nígbà tí Fọlákẹ́ padà délé, ó sáré lọ kúnlẹ̀ ti Yèyé. "Yèyé, o sọ ọ́ fún un?"

"Mo bá a jókòó."

"O sọ ọ́ tán?"

Yèyé fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbígbẹ ra á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó wò ó, wíwò náà sì pẹ́. "Lọ sí ulé ọkọ rẹ, ọmọ mi. Mo ti gbà fún ọ."

Kásẹ́ẹ̀tì náà wọ inú àpótí Ilésanmí, lábẹ́ Bíbélì. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1983. Fọlákẹ́ ń gbé ní Ìkirun, ó ń kọ́ ọmọ níléèwé, ọkọ rẹ̀ sì ń fẹ́ ẹ bí ìgbà tí òjò kọ́kọ́ pa wọ́n pọ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni ó wálé kí Yèyé. Yèyé á jókòó tì í, á máa wò ó lẹ́nu, bí ẹni tí ń retí ohun kan. Fọlákẹ́ á bi í léèrè ẹsẹ̀ tí ń dùn ún, á bi í léèrè oúnjẹ, á sọ iṣu tí ó rù wá kalẹ̀. Kò bèèrè ohun mìíràn. Kí ni yóò bèèrè? Ó wà nínú àpótí.

Yèyé kú ní ìparí ọdún 1985. Fọlákẹ́ gbé ọmọ oṣù mẹ́ta pọ̀n wá síbi ìsìnkú, Ọmọ́tọ́lá ni wọ́n sọ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ìsìnkú, gbogbo ilé pé sí gbàgede. Ilésanmí gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde. Gbádébọ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ohùn Yèyé jáde, ó mọ́ gaara, àwọn obìnrin sì bú sẹ́kún. Ó sọ bí wọ́n ti jáde ní Ifẹ̀ pẹ̀lú iná nínú ìkòkò. Ó sọ ibùdó kìn-ín-ní tán. Ó dákẹ́.

Ẹ̀rọ ń kùn. Àkùkọ kan kọ lọ́nà jíjìn. Yèyé húkọ́.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè: iná nínú ìkòkò, ìdí igi tí wọ́n kọ́kọ́ sùn sí. Ó dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Fọlákẹ́ kò fi lè mú un mọ́ra. "Ulé dà?" ni ó ké, láàrin gbogbo ènìyàn.

Òjò ni wọ́n gbọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nínú ẹ̀rọ náà, lẹ́yìn náà ìró ìlẹ̀kùn tí ẹnì kan tì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohùn Yèyé yí padà. "Ta ni ó ti ulẹ̀kùn? Òjò ń rọ̀!" Wọ́n gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ tí ó ń kan ilẹ̀, kọ́, kọ́, kọ́. Ìlẹ̀kùn dún. Ariwo òjò wọlé. Ọ̀pá náà padà wá, ohùn rẹ̀ sì sún mọ́ wọn, bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sí ènìyàn létí.

"Fọlákẹ́. Ẹ̀rọ yìí létí, ṣùgbọ́n kì í bèèrè. N kò lè gbé ẹrù fún ẹni tí kò bèèrè. Bí mo bá sọ fún bàbá rẹ, kò ní jẹ́ kí o lọ, mo sì ti rí ojú rẹ nígbà tí ọmọ Ìkirun náà bá wọlé. Nítorí náà n ó dákẹ́. Mo mọ̀ pé èmi ni mo ní kí a má tẹ̀ ẹ́ kí n tó lọ, síbẹ̀ n ó wí i. Bí o bá wálé wá kí mi, ibi yòówù kí o máa gbé, àṣà yòówù kí ó wí, ìwọ ṣáà bèèrè. N ó sọ ọ́. N ó máa retí rẹ."

Ìyókù kásẹ́ẹ̀tì náà, òjò ni.

Gbádébọ̀ dojúbolẹ̀ sórí èèpẹ̀. "Èmi ni mo ti ìlẹ̀kùn náà. Mo ní kí gbogbo ènìyàn jáde, kí ariwo má ba à wọ ẹ̀rọ. Nígbà tí òjò dé, mo bẹ̀rù pé páànù á bo ohùn rẹ̀. Mo rántí ọ̀rọ̀ Fọlákẹ́. Mo ní wákàtí kan péré ni. Mo sì sá lọ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kejì. Nígbà tí mo padà, mo bá ìlẹ̀kùn ní ṣíṣí, n kò sì wí fún ẹnikẹ́ni."

Ilésanmí fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e dìde. "Dìde, ọmọ mi. Èmi wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún etí mi. Mo sùn."

Ṣùgbọ́n Fọlákẹ́ kò gbọ́ ìkankan nínú ohun tí àwọn méjèèjì wí. Ìgbà mẹ́ta náà ni ó ń kà: Kérésì, Àjíǹde, àti ìgbà tí oyún rẹ̀ pé oṣù márùn-ún. Ojú Yèyé lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni Yèyé ń retí.

Wọ́n padà sí Ìkirun. Fún oṣù mélòó kan, ọ̀rọ̀ kò ju "ẹ kú iṣẹ́" àti "oúnjẹ ti wà nílẹ̀" lọ láàrin wọn. Gbádébọ̀ kò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ó ti mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ kò ní ibi tí yóò dé sí. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń ṣe. Bí òjò bá ti ṣú, yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀, yóò sáré wá sílé, yóò ṣí ìlẹ̀kùn, yóò sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí òjò ti ń pa á. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Fọlákẹ́ mú aṣọ, ó jókòó tì í, ó sì ń nu omi kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Sùúrù kan ni ó padà sáàrin wọn lọ́jọ́ náà. Ayọ̀ àtijọ́ kò bá a wọlé.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, ìyá Gbádébọ̀ sì ti ká ẹní rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà fúnra rẹ̀, láìkùn. Ọmọ́tọ́lá jókòó láàrin ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Fọlákẹ́ ń sọ ìtàn fún un ní ohùn Èrìjìyàn, ohùn tí ọmọ náà kì í gbọ́ níbòmíràn. Ó sọ ibùdó kìn-ín-ní, ọmọ náà bèèrè. Ó sọ ìkejì. Ó sọ ìkẹta, ti ìlẹ̀kùn, ọmọ náà sì wo ẹnu ọ̀nà kí ó tó bèèrè. Ó sọ ìkẹrin. Ó wá sọ ìkarùn-ún: bí wọ́n ti dé ibi omi gbígbóná ní Ìkògòsì, tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, tí àwọn arúgbó inú wọn ti ẹsẹ̀ wíwú bọ omi, tí ara tù wọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ifẹ̀. Èrìjìyàn kò jìnnà sí wọn mọ́. Ó dákẹ́.

"Ulé dà?" ni Ọmọ́tọ́lá bèèrè.

Gbádébọ̀ gbé irin gbígbóná tí ó fi ń lẹ wáyà rédíò kalẹ̀, ó sì yí ojú sí wọn.

"Ulé wà níwájú," ni Fọlákẹ́ wí.

Ọmọ náà dúró. Nígbà tí kò gbọ́ ohun mìíràn, ó rán ìyá rẹ̀ létí: "Ẹ gbé ẹrù, Màámi."

Fọlákẹ́ wo òjò tí ó ń wọlé. Ó fi ọwọ́ pa orí ọmọ rẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ wọ́n, ọmọ mi," ni ó wí. "Jẹ́ kí wọ́n sinmi díẹ̀ sí i."

Ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí di òní, ẹsẹ̀ wọn nínú omi gbígbóná, ẹrù wọn nílẹ̀, ojú wọn sí ọ̀nà ilé.